Ìṣẹ́jú Méjìlá Kí Ohùn Ìyá Tó Dé

Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà náà. Wọ́n já a láàárín ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ojú ibi tí píìnì ti wọlé ṣì hàn lára rẹ̀. Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì fi pupa fàlà sábẹ́ àwọn ibi tó ká wọn lára. Olùkọ́ físíìsì kan ní Muṣin ló kọ ọ́. A ò pàdé rí. Ó fi rán ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń gbé àdúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Mo ti ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jẹ́ kí n padà kà á ni pé inú bí mi nígbà tí mo dé ojú ewé 112.”

Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé-ìwé girama láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó fi àṣìṣe hàn ọ́ kì í ṣe ọ̀tá rẹ, ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi sábẹ́ Bíbélì, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ṣeé fi bú mi. Lámèyítọ́ tó ti dé sọ́dọ̀ mi ṣáájú rẹ̀ ti sọ ara mi di egbò.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni ìwé náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́, òru ni mo sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Ọdún 2091 ni ìtàn náà wáyé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja lọ́jà Ọyìngbò, wà nínú ilé kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ pupa Mars, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fún ènìyàn mẹ́fà ní atẹ́gùn. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Èyí tó kù, ìfẹ́ ni, ìjà ni, àti ìyá kan ní Èbúté-Mẹ́ta tó máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé lálaalẹ́ láti wá ìràwọ̀ pupa kan lójú ọ̀run.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Wọ́n pè wá sí àpèjọ kékeré kan ní Yábàá, bọ̀rọ̀kìnní kan sì dìde, ó yin ìwé náà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní ìgbà tí òun dé ibi ìjà orí òṣùpá, òun kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Kò sí ìjà lórí òṣùpá nínú ìwé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbé àmàlà kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ti ìwé ìròyìn. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni mo rà á ní Ọyìngbò, mo wọ dáńfó tó ń lọ CMS, orí Afárá Carter la sì wà nígbà tí mo ṣí i débi tí orúkọ mi wà. Ìdajì ojú ewé ni wọ́n fún mi. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa, mo rí ìyẹn kí n tó ka ìlà mẹ́ta. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló fi kàn mí: ó ní ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ kò bá ẹnu mu, ó ní ìwé olùkọ́ Yorùbá kò ní àmì ohùn, ó sì béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ojú òfurufú. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi yá.

Ti àmì ohùn ló dùn mí jù, nítorí òótọ́ ni. Ó tọ́ka sí ojú ewé 41. Ohun tí mo kọ ni pé: “Ọkọ̀ náà gbéra, ènìyàn mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀.” Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ni pé ọkọ náà gbéra. Ẹ wo ọkọ tó ń fẹ́yàwó, ọkọ̀ tó ń gbé èrò, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Bí a bá ṣí àmì kúrò lórí wọn, ta ni yóò mọ èyí tó gbéra? Ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Ẹ̀rọ ń dún láti ojúmọ́ dalẹ́, òórùn íǹkì ń bá ènìyàn wọ dáńfó délé, àwọn géńdé ń ti bébà lórí ọmọlanke gba àárín ọkọ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà ẹni tó bá mi to ìwé náà kò ní irú lẹ́tà tí mo fi tẹ iṣẹ́ mi, òmíràn ló fi rọ́pò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà dúró, àmì orí lẹ́tà lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò fún mi, wọ́n ti mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán, èmi náà sì ti kọ́ ọmọ láti àárọ̀. Mo yẹ ojú ewé mẹ́wàá wò. Àwọn tí ó fọwọ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mẹ́wàá náà, wọ́n dára. Mo fọwọ́ sí i. N kò lè bínú sí i. Ìbuwọ́lùwé mi ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sí oníwèé ìròyìn. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Mo kọ iye ọdún tí mo fi kàwé, mo kọ oyè tí mo gbà, mo kọ pé ẹni tí kò gbin àgbàdo rí kì í kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ìyàwó mi jí, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Ìbejì, ta lẹ ń kọ̀wé sí lóru?”

Mo kà á fún un. Aránṣọ ni, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń rán bùbá fún àwọn ará Èkó, àwọn tí kì í gba ìránkúùrán. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bí oníbàárà bá gbé aṣọ padà wá tó ń pariwo, n kì í bá a jà. Mo máa ń ní kó wọ̀ ọ́ kí n rí i. Tó bá wọ̀ ọ́, èmi fúnra mi á rí ibi tó ti fún un. Tó bá kọ̀ tí kò wọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ọkùnrin yìí, ṣé ó wọ̀ ọ́?”

Ó padà lọ sùn. Mo fa ìwé ìròyìn náà sún mọ́ iná.

Ti àmì ohùn, ó wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ya. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ti ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀, mo ní láti dá a sí méjì. Nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ yẹn, yàrá kékeré kan wà láàárín ìta àti inú. Ẹni tó bá ń wọlé á ti ilẹ̀kùn ìta, á dúró kí atẹ́gùn kún yàrá náà, kó tó ṣí ilẹ̀kùn inú. Ìloro ni mo pè é. Aṣelámèyítọ́ náà ní ìloro ni ibi tí àwọn bàbá wa ń jókòó sí ta ayò, pé n kò gbọdọ̀ fi wé ohun tí òyìnbó ṣe. Mo rò ó títí. Kí ni ìloro ń ṣe nínú agbo ilé? Ibẹ̀ ni ẹni tó ti ìta bọ̀ máa ń dúró sí kí ilé tó gbà á wọlé. Iṣẹ́ tí yàrá Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe náà nìyẹn, láìlé, láìdín. N kò yọ ìloro, n kò sì ní yọ ọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n ó tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn: ẹ̀rọ-agbóhùn-òkèèrè-òfurufú. Mo kà á sókè nínú òkùnkùn. Mo tún un kà. Ọmọbìnrin tí atẹ́gùn ń tán mọ́ lára ni mo ní kó pe irú orúkọ yìí lójú ewé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ìyá tó bí mi ní èyí tó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, rédíò ló ń pè é, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kì í ṣe Yorùbá. Bébà ìtumọ̀ ni mo ń kọ níbẹ̀, mi ò gbọ́ ẹnu Àbẹ̀kẹ́. Mo fi báírò pupa yí i ká.

Ó wá ku ti pé kí ló kan Yorùbá pẹ̀lú ojú òfurufú. Níbí yìí, ó dá mi lójú pé kò wọ aṣọ náà rárá, nítorí ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ewé 58. Bàbá àgbà Àbẹ̀kẹ́ ń sọ ìtàn tí òun náà gbọ́ lẹ́nu bàbá àgbà tirẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté, nípa ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé ohun bí agbada ńlá sẹ́yìn. Orí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo kọ́ ọ lé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Abubakar Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà wà nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Kingsport, tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ó gbé tẹlifóònù, ó sì bá Ààrẹ John Kennedy sọ̀rọ̀ ní Washington. Wáyà kankan kò gba abẹ́ òkun gbé ohùn wọn. Láti ara agbada inú ọkọ̀ yẹn ni ohùn Balewa ti gòkè lọ bá Syncom 2, sátẹ́láìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè ní oṣù Keje ọdún kan náà, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì gba ojú òfurufú bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyẹn. Omi Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọkọ̀ náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wà ní Marina báyìí, tí mo rí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí omi bọ̀ láti Mile 2, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo máa ń wò, níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun wà.

Mo ya ojú ewé mẹ́ta tí mo kọ. Mo kọ ìlà mẹ́rin mìíràn: mo dúpẹ́ fún ti àmì ohùn àti ti rédíò, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wo ojú ewé 58. N kò gbọ́ nǹkan kan padà. Kò dùn mí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà tí lẹ́tà Muṣin fi dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo fà á jáde lábẹ́ Bíbélì, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ṣì wà lọ́kàn mi: ẹni yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ewé 112 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wà lórí rédíò ní Èbúté-Mẹ́ta. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?” Ó ní, “Mo ti jẹun, màámi.” “Kí lo jẹ?” “Ẹ̀wà ni.” “Ṣé wọ́n fi epo sí i?” Bí ìyá àti ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná sí pálọ̀. Àwọn mẹ́ta ti sọ fún mi pé wọ́n sunkún níbẹ̀.

Olùkọ́ náà kò sunkún. Ó ṣe ìṣirò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún ọmọ kíláàsì kejì, ìlà lórí ìlà. Rédíò kò yára ju ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Mars bá sún mọ́ wa jù, ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 kìlómítà jìnnà sí wa. Nígbà tó bá jìnnà jù, ó tó mílíọ̀nù 400. Nítorí náà, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ohùn yóò fi rìn, ó sì lè tó méjìlélógún. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ lójú ewé 97 pé mílíọ̀nù 216 kìlómítà ló wà láàárín ayé àti Mars lọ́jọ́ náà. Ẹ pín in. Ìṣẹ́jú 12 ni àlọ, ìṣẹ́jú 12 ni àbọ̀. Ìyá yìí béèrè bóyá ọmọ òun ti jẹun. Ìṣẹ́jú 24 ló yẹ kó fi dúró kó tó gbọ́ pé ó ti jẹun.”

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti kà nípa rẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí, mo sì gbójú kúrò nítorí ojú ewé yẹn dùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ lọ́kàn mi ni pé ní 2091, ọmọ aráyé lè ti wá ọgbọ́n mìíràn dá. Bí mo ṣe ṣí ojú ewé kẹta lẹ́tà náà, ó ti ń dúró dè mí níbẹ̀: “Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ sọ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó ná yín hàn wá. Ẹ kò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn tẹ̀lé òfin, kí rédíò má tẹ̀lé e. Àti pé, sà, bí rédíò bá yá tó báyìí, kí ló ń bà wá lẹ́rù? Ojú ewé 150 ni ẹ̀rọ náà kọṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kàn lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà tó wà láyé, kí wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bí ìdáhùn yóò bá gbà tó ìṣẹ́jú 24, tí atẹ́gùn ìṣẹ́jú 30 ló kù, ẹ wò ó.”

Ìlà tó kẹ́yìn ni èyí tó fi pupa fà nídìí lẹ́ẹ̀mejì: “Mo ti gba Àbẹ̀kẹ́ gbọ́. Ojú ewé 112 ni mo ti rántí pé ẹnì kan ló ń kọ ọ́.”

Mo ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìwé kíkọ, n kò rí gbólóhùn tó wọ̀ mí lára tó èyí. Ará Èkó ti ń ṣe báyìí fún òǹkọ̀wé tipẹ́. Láti ọdún 1929 sí 1930, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas ń darí, ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde, ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé ìta kejì ló ń gbé. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́. Ó wá dé bá èmi náà: ọkùnrin kan ní Muṣin ń bínú sí mi nítorí Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò gbà pé ó wà láàyè kò ní ṣírò bí ohùn ìyá rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lọ́nà.

Mo tún ojú ewé náà kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́ tí n kò rí i kọ. Ìyá béèrè, ìyá dúró, ìyá sunkún, ìdáhùn dé. Ó kú lójú bébà. Kí ni ènìyàn ń fi ìṣẹ́jú 24 ṣe nídìí rédíò?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ṣì gbọ́, ojú rẹ̀ ló ṣú díẹ̀. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń ṣa ẹ̀wà sórí àtẹ, ó ń fọwọ́ wá òkúta inú rẹ̀. Mo rò ó fún un bí ọ̀rọ̀ ilé: ọmọ wà lọ́nà jíjìn, ohùn ìyá á pẹ́ kó tó dé, tọmọ náà á tún pẹ́ kó tó padà. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, “Bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tó lọ Amẹ́ríkà ńkọ́? Kò kúkú sí fóònù nílé wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Bí mo bá rí ẹni tó ń lọ, màá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, màá fún un gbé lọ. Ó lè tó oṣù kan kó tó dé.”

Mo bi í pé kí ni wọ́n máa ń béèrè nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ó gbójú sókè. “Béèrè? Ta ni yóò dá mi lóhùn? Mo mọ ohun tí ọmọ mi fẹ́ bi mí, màá ti sọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bi mí. Màá ní bàbá rẹ ti gbádùn, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san. Màá kì í. Màá wúre fún un. Bí ọ̀rọ̀ mi bá tán tí kásẹ́ẹ̀tì kò tán, n kì í pa á. Màá gbé e sójú fèrèsé, kó máa yí. Ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń tún gbọ́ jù, pé òun ń gbọ́ ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ, òun ń gbọ́ ìpè ìrun.”

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ tètè délé. Ó ní ṣé n kò ní dúró jẹ ẹ́ ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi ọkùnrin, mo dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó ní èérún ẹ̀wà lára pa mí lórí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ojú ewé 112 tó wà nínú ìwé náà báyìí. N kò yí i padà láti ìgbà náà:

“Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò béèrè nǹkan kan. Ó ní, ‘Mo ti jẹun. Ẹsẹ̀ mi ti san. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹlẹ́ja tí kì í bẹ̀rù ibú, ọmọ a-wẹ̀-nínú-ọ̀sà-má-gbọ̀n, ibi tí o wà náà, omi ni. Wẹ̀ ẹ́ já.’ Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó gbé rédíò sójú fèrèsé, ó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn náà, nínú ìloro ilé kan lórí ilẹ̀ pupa, ọmọbìnrin kan bọ́ akoto rẹ̀, ó gbọ́ tí agbèrò ń pe Ọyìngbò.”

Kò sí ẹni tó béèrè bóyá wọ́n fi epo sẹ́wà mọ́. Ó dùn mí díẹ̀ láti pa ìyẹn rẹ́, n kò ní purọ́.

Nígbà tí owó ẹ̀dà kejì jọ, mo padà sí Ṣómólú, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í, lẹ́tà tèmi gan-an la fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a wá gbogbo ọkọ̀ rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ yóò wọ ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Muṣin, fún olùkọ́ físíìsì náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Mo ti rò pé àgbàlagbà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní kí n má bínú pé òun fi báírò pupa fàlà sínú lẹ́tà tí òun kọ sí àgbà. Mo ní kó jọ̀ọ́ ka ojú ewé 112. Ó kà á lórí ìdúró. Nígbà tó débi fèrèsé, ó jókòó. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun wò ó. Lẹ́yìn náà ló fa bébà kan sún mọ́ra, ó tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi àmì “ó gbà” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. “Méjìlá ni, sà. Ó pé.”

Inú mi dùn bí ọmọ tó yege.

Ó wá ní, “Ó ku ojú ewé 88.”

“Kí ló ṣe ojú ewé 88?”

“Ẹ ní òṣùpá Mars yọ láti ìlà oòrùn. Òṣùpá méjì ni Mars ní, sà. Èyí tó tóbi jù tí ẹ dárúkọ, Phobos, ìwọ̀ oòrùn ló ti ń yọ.”

Mo ní kó ṣàlàyé. Ọsàn kan wà lórí tábìlì rẹ̀, àgbálùmọ̀ tó jẹ ṣẹ́kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ọsàn náà lọ́wọ́ òsì, ó fi báírò to àmì sí i lára, ó ní ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ dúró sí. Ó mú kóró àgbálùmọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń yí ọsàn náà jẹ́jẹ́, ó sì ń gbé kóró náà yí i ká lápá ibi kan náà, ṣùgbọ́n kíákíá. “Mars ń lò ju wákàtí 24 lọ kó tó yí po. Phobos kò lò tó wákàtí 8 tó fi yí i ká. Ó yára ju ilẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ dúró lé lọ. Ẹ̀yìn ló ti ń lé e bá, sà. Ẹ wò ó.” Mo wò ó. Kóró dúdú náà yọ láti ìwọ̀ oòrùn ọsàn, ó gba orí àmì báírò kọjá, ó sì wọ̀ ní ìlà oòrùn.

Mo ní kó tún un yí. Ó tún un yí.

Mo fa fóònù yọ, mo pe Ṣómólú. Mo ní kó má tíì gbé e sẹ́rọ lọ́jọ́ Ajé.

Ó mí kanlẹ̀. “Tíṣà, ṣé ti ọkọ̀ náà tún ni?”

Mo ní rárá o, òṣùpá ni.